Kí A Tún Un Ṣe Ni, Tàbí Kí A Pààrọ̀ Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò Wa

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti béèrè lọ́wọ́ wa ní ìpàdé pé kí ni ó dé tí a kò fi dé ibi ìkómọ ní Leeds ní oṣù Kejì ọdún 2025, tí mọ́ínmọ́ín tí a ṣèlérí kò sì dé. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ kiri pé ojú ọ̀nà ni a ti jẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé a jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú yín ni ó ní mọ́tò àgbà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì lè kàn yín lọ́la.

Àwa mẹ́rin ni a jọ ń gbé ilé kan ní Rusholme: ọmọ Ìbàdàn kan, ọmọ Ìjẹ̀bú kan, ọmọ Iléṣà kan àti ọmọ Adó-Èkìtì kan. A jọ ra mọ́tò kan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. £1,160 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa dá £290. Mọ́tò kékeré ni, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, ó sì ti rin 112,000 máìlì kí ó tó dé ọwọ́ wa. A kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí pé ẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ẹ ó rí ẹni tí ó ni ẹ̀bi náà bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ. Òun ni a fi ń pàdé àwọn ọmọ tuntun ní pápákọ̀ òfuurufú, òun ni a fi ń ra iṣu àti gààrí bọ̀ láti Moss Side, òun náà sì ni ọmọ Adó-Èkìtì fi ń lọ sí ibi iṣẹ́ òru.

Iṣẹ́ òru yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ni, lẹ́yìn Oldham, ní orí àwọn òkè Saddleworth. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo yín ti mọ̀, ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kí a ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́. Òru Friday àti òru Saturday, wákàtí mẹ́wàá-mẹ́wàá: ó pé. Owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ £11.44 fún wákàtí kan, ìyẹn ni ó sì ń san owó ilé rẹ̀. Ìgbà tí a lè kọ̀wé sílé fún owó ti kọjá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba Nàìjíríà ti ní kí náírà máa wá ojú ara rẹ̀ lọ́jà, ilẹ̀ tí bàbá ènìyàn tà nílé kò fi bẹ́ẹ̀ ju owó oúnjẹ lọ bí ó bá fi máa dé ibí.

Ní òwúrọ̀ Saturday tí à ń wí yìí, a kó mọ́ínmọ́ín sínú kúlà méjì, a wọ agbádá, a gun M62. Ọmọ Adó-Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Ó ti sùn sí ẹ̀yìn mọ́tò kí a tó kúrò ní Manchester. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sọ kí ó tó sùn: “Ẹ máa wo abẹ́rẹ́ yẹn o.” A kò kà á sí.

Ẹni tí kò bá tíì gba ọ̀nà yẹn rí, kí ó mọ̀ pé òkè ni. Láti Milnrow ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, títí yóò fi dé ibi tí ó ga ju gbogbo motorway ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ, mítà 372 sókè ojú òkun. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ilé àgbẹ̀ kan wà láàárín títì méjèèjì, tí mọ́tò ń gba ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Ilé náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí títì tó dé bá a. A ti pinnu pé a ó ya fọ́tò ilé yẹn. A kò dé ibẹ̀. Bí a ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń fẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀ ṣàdéédéé di tútù. A rò pé ìyẹn nìkan ni. Kò pẹ́ ni abẹ́rẹ́ tí ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó wọ inú pupa, èéfín funfun sì bo ẹ̀yìn wa bí ìgbà tí ènìyàn dáná igi tútù.

Ọmọ Iléṣà tí ó ń wa ọkọ̀ yà sí etí títì, ó pa á. Ó fẹ́ sáré ṣí ìdérí rádíétọ̀. Ọmọ Ìbàdàn gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ọmọ mẹkáníìkì ni, ó ti rí ẹni tí omi rádíétọ̀ bó lójú rí. A kọjá sí ẹ̀yìn irin etí ọ̀nà, a dúró nínú atẹ́gùn òkè pẹ̀lú agbádá àti fìlà. Wákàtí méjì ààbọ̀ kí ọkọ̀ tí ń gbé ọkọ̀ tó dé, £140 ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ wa. Ibẹ̀ ni a ti jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó ṣì gbóná díẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ń ka ìmọ̀ ìṣirò owó (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín), ti pe mẹkáníìkì mẹ́ta lórí tẹlifóònù kí a tó bọ́ agbádá. Ó ní mọ́tò tí kò tó £900 bí ara rẹ̀ bá le, ta ni yóò ná £700 lé e lórí? Àwọn tí ń ra àlòkù irin yóò fún wa ní £200. Kí a gbà á, kí a pín in ní £50 lọ́nà mẹ́rin, kí a máa wọ bọ́ọ̀sì. Òótọ́ sì ni pé láti oṣù Kìíní ọdún 2025 gbogbo bọ́ọ̀sì Manchester àti agbègbè rẹ̀ ti padà sábẹ́ àṣẹ ìjọba ibẹ̀, wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ òfeefèé, £2 ni à ń san fún ìrìn kan nígbà náà. Ọmọ Iléṣà ní rárá, kí a lọ ra ẹ́ńjìnnì àlòkù kí a gbé e wọ̀ ọ́. Ọmọ Ìbàdàn ní àwọn méjèèjì ń ya wèrè: ta ni í sọ pé orí ń fọ́ òun kí wọ́n ní kí ó lọ ra orí tuntun? Èrò mẹ́ta ni ó wà láàárín àwa mẹ́rin. Ẹnì kẹrin wọ bàtà rẹ̀, ó pe takisí, ó lọ sí ibi iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ Ìbàdàn pe bàbá rẹ̀ lórí WhatsApp. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná ní ọdún 1975 ni bàbá yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọmọdé ni nígbà náà. A kúnlẹ̀ yí bọ́nẹ́ẹ̀tì ká bí ẹni tí ó wá kí aláìsàn.

“Ẹ káàsán, Bàbá.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣáná sí i, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú kan péré o.” Ó fetí sílẹ̀. “Ó tó, ẹ pa á. Kò kan gbà-gbà nísàlẹ̀, ìyẹn dára. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ílì. Báwo ni abẹ́ rẹ̀ ṣe rí?”

A fi hàn án. Ó funfun, ó sì ki, bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́.

“Hẹ̀n-ẹn. Omi ti wọ inú ọ́ílì. Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ti jó nìyẹn.”

Fún àwọn tí kò mọ̀, gáskẹ́ẹ̀tì yìí ni awẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sáàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Iná, omi àti ọ́ílì ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀nà wọn sì sún mọ́ ara wọn gan-an. Òun ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná ju bí ó ti yẹ, orí rẹ̀ tí ó jẹ́ alumíníọ̀mù yóò wú, yóò sì wọ́. Ibi tí kò bá tẹ́jú mọ́ ni gáskẹ́ẹ̀tì yóò ti jó.

Bàbá ní kí a tú orí rẹ̀, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fá orí ẹ́ńjìnnì kí ó lè tẹ́jú, kí a ra gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, kí a sì yọ tẹmositáàtì dànù kí omi lè máa lọ káàkiri. Ọjọ́ kan ààbọ̀ ni òun yóò fi ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè iye tí wọ́n ń pè é fún wa. Nígbà tí ó gbọ́ £700, tí ọmọ rẹ̀ sì ṣírò rẹ̀ sí náírà fún un, ó dákẹ́ títí a fi rò pé tẹlifóònù ti já.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ó là wá lójú. Ní ilé, irin ni ó wọ́n, ọwọ́ ènìyàn kò wọ́n. Ọ̀gá mẹkáníìkì a ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọn a tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí páálí, wọn a fọ gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tí ń ka wákàtí. Níhìn-ín, gáskẹ́ẹ̀tì náà kò ju £35 lọ. Wákàtí ènìyàn ni ó jẹ́ £60. Nítorí náà, ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe ní Ìbàdàn lè jẹ́ òmùgọ̀ ní Manchester, àwa sì ti ń pe ara wa ní ahun àti onínàákúnàá láti àná, bí ẹni pé ìwà wa ni à ń jà lé lórí.

Mẹkáníìkì tí a gbé mọ́tò náà lọ bá wà ní Hulme. Bí ẹ bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ rántí pé ní Cooke Street tí ó wà ní Hulme ni Henry Royce ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ó ra mọ́tò Decauville kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, ó sì pinnu pé òun yóò ṣe tòun. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1904 ni àkọ́kọ́ tirẹ̀ rìn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ni òun àti Charles Rolls pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì Midland ní àárín ìlú wa yìí. Ọdún 1911 ni Ford sì bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Trafford Park. Ọmọ Iléṣà ní kí a ṣe bíi ti Royce. A ní kí ó kọ́kọ́ kọ tíísìsì rẹ̀ tán.

Bàbá àgbàlagbà kan ni mẹkáníìkì náà, ará Jàmáíkà, tí ó ti pẹ́ ní Manchester ju ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Kò dá sí àríyànjiyàn wa. Ó ní kí a má tíì pinnu ohunkóhun, kí òun kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, nítorí pé bí ìsàlẹ̀ bá ti jẹ, ẹni tí ó tún orí ṣe fi owó ṣòfò ni. Ó yọ àwọn púlọ́ọ̀gì, ó fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ìkíní 180, ìkejì 90, ìkẹta 95, ìkẹrin 175. Méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ó lọ sílẹ̀. Ó wá da ọ́ílì díẹ̀ sínú ìkejì, ó tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, a jẹ́ pé ríìngì pístọ́ọ̀nù ni ó ti jẹ, nítorí pé ọ́ílì ni ó dí àyè náà. Kò gòkè. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkẹta, kò gòkè. Ó ní gáskẹ́ẹ̀tì ni, láàárín ìkejì àti ìkẹta. Ìsàlẹ̀ yín le. £40 ni ó gbà fún àyẹ̀wò yìí. Nínú gbogbo owó tí a ná lórí mọ́tò náà, òun ni kò dùn wá rárá.

A sọ ọ̀rọ̀ tẹmositáàtì fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ní Kingston òun náà a máa yọ ọ́ dànù. Níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì wa kò ní gbóná tó títí oṣù Kẹrin, yóò máa mu epo, àwa náà yóò sì máa gbọ̀n nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ike kan wá, tí ó ti gbọn omi rádíétọ̀ sí.

“Ta ni ó ń da omi lásán sínú mọ́tò yìí?”

Omi náà mọ́ gaara. Ó yẹ kí ó ní àwọ̀, nítorí oògùn tí kì í jẹ́ kí ó di yìnyín. Ọmọ Ìjẹ̀bú ní kì í ṣe òun. Ọmọ Iléṣà ní kì í ṣe òun. Ọmọ Ìbàdàn búra. Ọmọ Adó-Èkìtì ń wo ilẹ̀.

Nítorí àtiṣe ẹ̀tọ́ fún èrò ọmọ Iléṣà, a lọ sí ọgbà kan tí wọ́n ti ń tú mọ́tò ní Thursday. Ẹ́ńjìnnì bíi tiwa wà níbẹ̀, £380, wọ́n fi ẹfun kọ 78,000 sí i lára. Ọjọ́ 30 ni wọ́n fi fọwọ́ sọ̀yà fún un. Níbẹ̀ ni a ti bá bàbá kan tí ó ń sọ Yorùbá sórí tẹlifóònù, tí ó ń kó ẹ́ńjìnnì sínú kọ̀ǹténà. A dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, a kí i.

“Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ wa. Ilé ìwé ni ẹ wà, àbí?” Ó ní Ladipo ní Mushin ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti yí sí ọwọ́ ọ̀tún, odidi mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá ọ̀nà ilé mu mọ́, nítorí ibi tí sítíárì rẹ̀ wà. “Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. Bí ó bá dé ọ̀hún, Bẹ́ljíọ̀mù ni wọn yóò máa pè é. Bẹ́ljíọ̀mù láti Oldham!”

Ó bá wa wo èyí tí a fẹ́ rà. Ó fi sípánà yí kránkì rẹ̀, ó yí. Ó ṣí ìdérí ọ́ílì rẹ̀, ó mọ́. Ó ní kò burú. “Ṣùgbọ́n ẹ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá kọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá, wọn yóò fún yín ní òmíràn. Ta ni yóò san owó ọwọ́ ẹni tí ó gbé e wọlé, tí yóò tún gbé e jáde?” A béèrè. Àwa ni. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ará Jàmáíkà ti sọ pé wákàtí mẹ́sàn-án ni òun yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ £950, a ó sì tún fi ìwé V5C ránṣẹ́ sí ìjọba nítorí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí ó yí padà. Àtúnṣe tiwa jẹ́ £640: wákàtí mẹ́jọ, àti £160 fún fífá orí, gáskẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀tì tuntun, wọ́tà pọ́m̀pù àti ọ́ílì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní kò sí èyí tí ó kan òun nínú méjèèjì. Kí a fún òun ní £50 òun nínú owó irin, òun ti jáde. Ọ̀rọ̀ náà le ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ní ilé ìdáná. Àwọn nǹkan kan ti ẹnu wa jáde tí a kò ní kọ síbí.

Nígbà náà ni ọmọ Adó-Èkìtì sọ̀rọ̀. “Èmi ni mo ń da omi sí i.”

Gbogbo wa dákẹ́.

“Láti oṣù Kejìlá ni mo ti rí i pé omi ń dín. Bí mo bá ti jáde níbi iṣẹ́ láàárọ̀, n ó bu omi sínú ike, n ó dà á sí i. Mo rò pé bí mo bá sọ fún yín, ẹ ó ní kí a tà á. Bí ẹ bá tà á, iṣẹ́ mi ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Ọmọ Ìjẹ̀bú dìde, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé láìwọ kóòtù. A rò pé ìbínú ni. Nígbà tí ó wọlé, ó ní òun náà ti rí ojú omi lábẹ́ mọ́tò yẹn nígbà méjì, òun rò pé òjò ni. Ní Manchester, ta ni yóò bá a jiyàn? Ọmọ Iléṣà ní iná kékeré kan ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rí tí ó sì kú, òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ti ọmọ Ìbàdàn, ọmọ mẹkáníìkì, ọmọ ẹni tí ń fi etí mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè, kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà rí láti ọjọ́ tí a ti rà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú mú bíró. Ó béèrè iye tí takisí gbà ní òru Saturday. £22 ní àlọ, £22 ní àbọ̀. £44 nínú £114.40. Kò sí bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e dé orí òkè yẹn ní wákàtí tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń parí. Òru mẹ́jọ lóṣù, £352. Ó wo ohun tí ó kọ fún ìgbà díẹ̀, ó fa ìlà gba orí ìṣirò àkọ́kọ́ rẹ̀. “Oṣù méjì, owó àtúnṣe ti jáde,” ni ó wí. Ó dá £160 tirẹ̀, ó sì yá ọmọ Adó-Èkìtì ní tirẹ̀. Kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dé orí padà, bàbá ará Jàmáíkà gba ọmọ Ìbàdàn láàyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é, a sì gbé tẹlifóònù sókè kí bàbá rẹ̀ lè máa wò ó láti Ìbàdàn. Bọ́ọ̀tì mẹ́wàá ni. Ọmọ Ìbàdàn gbé sípánà lé èyí tí ó wà ní etí. Àwọn bàbá méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ní Yorùbá, èkejì ní Gẹ̀ẹ́sì: “Láti àárín!” Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ìwé kékeré kan wà nínú mọ́tò náà nísinsìnyí. Ẹni tí ó bá wà á yóò kọ ọ́ síbẹ̀ bí omi ṣe rí, bí ọ́ílì ṣe rí, yóò sì fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹfà ó yege MOT. Wọ́n bá wí díẹ̀ nípa táyà ẹ̀yìn kan.

Ní oṣù Kẹjọ ni a tó dé Leeds. A gun òkè náà díẹ̀díẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wo abẹ́rẹ́ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Kò kúrò lójú kan. Ilé àgbẹ̀ náà yọ lápá ọ̀tún wa, ó sì ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rántí fọ́tò. Ọmọ tí a fẹ́ lọ sọ lórúkọ ti lè jókòó, ó ti hu eyín méjì. Ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wa, ó wo ọwọ́ wa kí ó tó wo ojú wa.

“Mọ́ínmọ́ín dà?”